Ta ló sọ pé ilé inú àwòrán yẹn dákẹ́?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́, ní kàlẹ́ńdà kan tó gbé kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọdún orí rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, àmọ́ kò jẹ́ já a kúrò nítorí àwòrán: obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè, tó rọra ń da wàrà sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ wo ilé òyìnbó," ló máa ń wí. "Ẹ wo bó ṣe pa lọ́lọ́. Tiwa ńkọ́?" Nígbà náà, ọmọ méjì á ti máa jà lórí bọ́ọ̀lù, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan á máa fọn fèrè lójú títì.

Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé fọ́tò ni irú àwòrán yìí: ayàwòrán jókòó sílé, ó ya ohun tó rí, bí wọ́n ṣe ń gbé nígbà náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Johannes Vermeer, ará Delft ní Họ́láǹdì, ló yà á ní nǹkan bí ọdún 1660. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Catharina ìyàwó rẹ̀ bí. Mẹ́rin kú ní kékeré, mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù nígbà tí bàbá wọn kú ní 1675, lẹ́ni ọdún 43. Ilé ìyá ìyàwó ni gbogbo wọn kó sí. (Ọkùnrin tó kó ẹbí rẹ̀ lọ sílé àna! Ẹ mọ ohun tí wọn ì bá máa pè é ní Àjàṣẹ́.) Willem, arákùnrin Catharina, a tún máa wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rí tí àwọn èèyàn jẹ́ níwájú nọ́tà, akọ̀wé òfin, ní 1666 sọ pé ó gbé ọ̀pá tó ní irin lẹ́nu kọ lu Catharina nígbà tó lóyún, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, Tanneke, ló sì gbà á sílẹ̀. Inú irú ilé yẹn ni wàrà yẹn ti ń ṣàn.

Àwòrán rẹ̀ bíi 35 ló kù láyé. Ẹ wá ọmọdé nínú àwọn yàrá ibẹ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ kan.

Ṣíṣe ni wọ́n ṣe ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum ní Amsterdam, níbi tí àwòrán náà wà, fi ẹ̀rọ tó ń rí abẹ́ ọ̀dà wò ó. Vermeer ti kọ́kọ́ ya pátákó tí wọ́n ń fi ìkòkò kọ́ sí ẹ̀yìn orí obìnrin náà, ó ya apẹ̀rẹ̀ kan sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wá fi ọ̀dà bo méjèèjì. Ohun tó dá sí lára ògiri ni ìṣó kan àti ojú ihò ìṣó. Èmi tí mò ń kun ògiri jẹun, ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ògiri lásán kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ fúnni.

Àwòrán Vermeer mìíràn, ti ọmọbìnrin tó ń ka lẹ́tà, tó wà ní Dresden ní Jámánì, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń yin ògiri lásán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ha ọ̀dà kúrò tán ní 2021, Cupid gàgàrà, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ọmọ tó gbé ọrun dání, ló yọ jáde. Ẹlòmíràn ló kun ògiri náà bò ó lẹ́yìn ikú Vermeer!

Ní Delft kan náà, ayàwòrán mìíràn, Jan Steen, háyà ilé ìpọntí kan ní 1654. Ilé tí ajá ń jẹun lórí tábìlì, tí ìyá ilé sùn lọ, lòun fẹ́ràn láti máa yà. Títí dòní, bí ilé bá dàrú ní Họ́láǹdì, "ilé Jan Steen" ni wọ́n ń pè é.

Agbo ilé tiwa náà sì ń dákẹ́. Ẹ wá ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, tí ìyá àgbà bá ti na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Bí ẹnì kan bá yà á ní wákàtí yẹn, ará Delft kan lè gbé e kọ́, kó ní àwọn ará Àjàṣẹ́ mà fẹ́ràn ìsinmi o.

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó wa. "Mọ́kànlá?" ló ní, ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ní àní, gbèsè búrẹ́dì tó lé ní 600 gúldà, owó Họ́láǹdì ìgbà náà, ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá náà, tí Catharina fi gbé àwòrán méjì fún Hendrick van Buyten, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fún wọn.

Ó dìde, ó lọ tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà náà. "Ọkọ mi, ti orí tábìlì yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti san tiẹ̀?"