Tacoma tòkunbọ̀: mítà nìkan kọ́ là ń wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ yẹn, pé bí mítà Tacoma àtijọ́, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Toyota, ò bá tíì kọjá 100,000 máìlì kéèyàn rà á láìwo ibòmíràn, ó lè jẹ owó ẹni. Wọ́n ń yí mítà padà sẹ́yìn kí máìlì lè dà bíi pé ó kéré. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ní 80,000, tí rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bíréèkì rẹ̀ ti jẹ débi tí irin ń dán, ta ló ń tàn?

Ìpẹtà ló ń pa Tacoma. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì l'Amẹ́ríkà nígbà yìnyín, iyọ̀ náà ló sì ń jẹ ṣáásí, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, lábẹ́lẹ̀. Ní 2008, Toyota fúnra wọn sún wáráńtì ṣáásí àwọn Tacoma 1995 sí 2000 di ọdún 15, wọ́n tún ra àwọn tó ti jẹ kọjá àtúnṣe padà.

Torí náà, tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré lẹ máa mú dání. Ẹ wọ abẹ́ ẹ̀, kí ẹ gbá ṣáásí jẹ́jẹ́, pàápàá lẹ́yìn, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn. Irin tó le á dún "kan!", èyí tó ti jẹ á dún "pọ̀", ìpẹtà á sì máa já bọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́? Ẹ fura.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kí wọ́n má ṣíná sí i kí ẹ tó dé. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá jáde, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn.

Ní tèmi, 200,000 máìlì tí ṣáásí rẹ̀ ń dún kan-kan ni màá rà.