Mímú ọ̀gá kọ́ ló ń pa máfíà Ítálì

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọwọ́ tẹ Matteo Messina Denaro, ọ̀gá máfíà Sísílì, nílé ìwòsàn kan ní Palermo, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń wá a. Kíá, ariwo ta pé máfíà Sísílì ti kógbá sílé. Ariwo yìí kan náà ni wọ́n pa lọ́dún 2006 tí wọ́n mú Bernardo Provenzano, ẹni tó fara pamọ́ fún ọdún 43. Òun náà ni wọ́n pa lọ́dún 1993 nígbà tó kan Totò Riina. Bí mímú ọ̀gá bá ń pa máfíà, ó yẹ kó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1993 ni wọ́n mú Riina. Lóṣù karùn-ún ọdún náà, bọ́ǹbù dún ní Via dei Georgofili ní Florence, ó pa èèyàn márùn-ún. Lóṣù keje, òmíràn tún pa márùn-ún ní Milan. Provenzano ló wá yí ọgbọ́n padà: ó ní kí wọ́n sinmi ìbọn, kí wọ́n dojú kọ kọ́ńtírákítì. Ìpànìyàn dínkù lóòótọ́, àwọn tó ń wò láti òkèèrè sì rò pé agbára wọn ló dínkù. Riina kú sẹ́wọ̀n lóṣù kọkànlá 2017. Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, lóṣù karùn-ún 2018, àwọn olórí agbègbè Palermo ṣèpàdé láti tún ìgbìmọ̀ àgbà wọn, Cupola, gbé dìde. Bàbá arúgbó kan tó ń ta góòlù, Settimo Mineo, ni wọ́n fi jẹ olórí. Wọ́n mú òun náà kí ọdún tó parí. Nígbà tó sì di oṣù kejì 2025, nǹkan bíi 180 èèyàn ni wọ́n tún gba ìwé àṣẹ láti mú ní Palermo, àwọn kan nínú wọn sì ti ń fi fóònù tí wọ́n yọ́ kó wọlé pàṣẹ láti inú ẹ̀wọ̀n.

Ohun tó fà á ò le. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé ọlọ́pàá ń bọ̀ ti múra dè é. Famiglia (ìdílé, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀ka máfíà tó kéré jù) kan ló ni àdúgbò kan. Bíi mẹ́ta tí ilẹ̀ wọn so mọ́ra ló ń di mandamento. Olórí mandamento ló ń jókòó ní Cupola. Bí olórí bá wẹ̀wọ̀n, wọn kì í yọ ọ́ lóyè, adelé ni wọ́n ń fi sípò. Owó tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní pizzo, ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ọ̀pọ̀ ń san án lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà Kérésì àti nígbà Àjíǹde. Inú owó yìí ni wọ́n ti ń san lọ́yà, inú rẹ̀ náà ni owó oṣù ìdílé ẹlẹ́wọ̀n ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ̀ pé ebi ò ní pa aya òun nílé kì í yára tú àṣírí fún adájọ́.

A ò sọ pé ẹ̀wọ̀n ò wúlò o. Ìgbẹ́jọ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Palermo lóṣù kejì 1986, tí wọ́n kó èèyàn 475 wá síwájú adájọ́, parí lóṣù kejìlá 1987 pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n gbére fún èèyàn 19. Òun ló fi hàn ní kóòtù pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ní olórí ni gbogbo wọn. Àmọ́ ohun tó ń dun máfíà wọ egungun ni kí ilé àti ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pio La Torre, aṣòfin ọmọ Palermo, ló gbé àbá pé kí ìjọba máa gba dúkìá máfíà dé ilé aṣòfin. Wọ́n yìnbọn pa á pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin 1982. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, wọ́n pa ọ̀gágun Carlo Alberto dalla Chiesa, aṣojú ìjọba ní Palermo. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni òfin 646 jáde. Ó sọ jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ máfíà fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ (abala 416-bis nínú òfin ìwà ọ̀daràn nìyẹn, tí ilé ẹjọ́ Ítálì ti fi dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe lẹ́bi pẹ̀lú), ó sì fún ìjọba lágbára láti gba dúkìá.

Níbí ni àṣìṣe mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ rò pé ó dìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn lẹ́bi kí wọ́n tó lè gba ilé rẹ̀. Rárá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní ìgbésẹ̀ ìdènà, kò sì dúró de ẹ̀wọ̀n. Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè tàbí olórí DIA, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí máfíà, á kọ̀wé sílé ẹjọ́. Guardia di Finanza, ọlọ́pàá ọ̀ràn owó, á gbé ìwé méjì síwájú ara wọn: iye tí ọkùnrin náà sọ fún ìjọba pé ó ń wọlé fún òun lọ́dọọdún, àti iye ilé, ilẹ̀, mọ́tò àti iléeṣẹ́ tó rà láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ń yẹ ti ìyàwó wò, ti àwọn ọmọ, àti ti ẹnikẹ́ni tó bá a gbé láàárín ọdún márùn-ún, torí ọ̀gá máfíà wo ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ ra ilẹ̀? Ká ní 15,000 yúrò ló ń wọlé lọ́dún, tí ilé tó rà jẹ́ 400,000, òun ló máa ṣàlàyé. Bó bá sọ pé òwò òun mọ́, owó orí nìkan lòun ò san, òfin ti kọ àwáwí yẹn.

Bí ilé ẹjọ́ bá gbà, wọ́n á kọ́kọ́ fi òfin de dúkìá náà, wọ́n á yan alábòójútó. Láti ọjọ́ tí dúkìá bá ti bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó, ọdún kan àbọ̀ ni ilé ẹjọ́ ní láti fi pinnu, wọ́n sì lè fi oṣù mẹ́fà kún un. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìdè tú. Ikú gan-an ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú, wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà ko àwọn àrólé lójú. Lọ́dún 2013, DIA gba dúkìá tó tó bílíọ̀nù 1.3 yúrò lọ́wọ́ oníṣòwò iná atẹ́gùn kan tí wọ́n ní ó ń bá Messina Denaro ṣe. Ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó rí ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn tí Libera, àkójọ ẹgbẹ́ tí àlùfáà Luigi Ciotti dá sílẹ̀, gba ìbuwọ́lù mílíọ̀nù kan, òfin 109 jáde lóṣù kẹta 1996: kí dúkìá tí wọ́n bá gbà máa ṣiṣẹ́ fún ará ìlú. Ilé Riina kan ní Corleone di bárékè Guardia di Finanza. Ilé tó ń gbé ní Via Bernini ní Palermo bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn Sísílì. Ní San Giuseppe Jato, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Placido Rizzotto, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2001, ń gbin àlìkámà àti èso àjàrà sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà, wọ́n ń fi ṣe pásítà àti wáìnì.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́. Láàárín ìgbà tí wọ́n de ilé kan sígbà tí kọ́kọ́rọ́ fi dé ọwọ́ ìjọba ìlú, ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ. Àwọn tó ń jáde á tú ilẹ̀kùn, wọ́n á fa wáyà yọ lára ògiri, wọ́n á fọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà mìíràn, ìdajì ilé péré ni wọ́n gbà, ìdajì kejì jẹ́ ti àbúrò ọ̀daràn náà, ta ló fẹ́ bá a gbé? Òmíràn ní gbèsè báńkì lórí. Òmíràn ò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé rí. Ìlú kékeré tí wọ́n gbé e fún kò lówó tó lè fi tún òrùlé ṣe.

Ti oko tún yàtọ̀. Lóṣù kẹfà tí àlìkámà Sísílì bá gbó, ọjọ́ díẹ̀ ni àgbẹ̀ ní. Bí àwọn tó ni ẹ̀rọ ìkórè bá ń bẹ̀rù láti gbé e wá, èso á gbọ̀n dànù, tàbí kí ẹnì kan ju iná sí i lóru. Ìjọba ṣì ló ni ilẹ̀, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kàn ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Nítorí náà wọn ò lè fi dúró gba owó ní báńkì.

Iléeṣẹ́ ló ṣòro jù, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é, báńkì á ti ìlẹ̀kùn, àwọn oníbàárà tí wọ́n ń rajà nítorí ìbẹ̀rù á yẹra, alábòójútó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Èrè tó wà nínú òwò náà, inú àìsan owó wọ̀nyẹn ló ti ń jáde. Èyí ń mú kí òṣìṣẹ́ sọ pé ọ̀gá máfíà ń fún wọn níṣẹ́, ìjọba ń gbà á. Ẹ̀sùn yẹn ṣòroó dáhùn.

Apá kejì ìjà yìí ni kíkọ̀ láti san pizzo. Libero Grassi, oníléeṣẹ́ aṣọ ní Palermo, kọ̀ láti san, ó kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì pa á lóṣù kẹjọ 1991. Òun nìkan ló dá dúró. Láti 2004 ni ẹgbẹ́ Addiopizzo ti ń wá bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní dá dúró mọ́: wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kì í san jáde, kí oníbàárà lè lọ náwó níbẹ̀. Àmì tí máfíà sábà ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n dà sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá rí i láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn pe oníkọ́kọ́rọ́, kó sì dákẹ́: kó ya fọ́tò rẹ̀, kó pe ọlọ́pàá, kó wá ẹgbẹ́ tó máa bá a dé kóòtù. Òfin 44 ti ọdún 1999 ń san àdánù fún un, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ béèrè láàárín oṣù mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tó bá ti fẹjọ́ sùn. Bí ọjọ́ bá kọjá, owó yẹn ti bọ́ nìyẹn.

Ní Via Maqueda, nítòsí ọjà Ballarò, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àjèjì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Bangladesh, ló para pọ̀ fẹjọ́ sùn lórí pizzo lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Gambia kan lórí. Addiopizzo dúró tì wọ́n. Lóṣù karùn-ún, ọlọ́pàá mú èèyàn mẹ́wàá. Kò sí ọ̀gá tí ayé mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn.