Ìdágbére bí ẹkún ìyàwó ló yẹ Zélie àti Amari

Àwọn tó máa ń sọ pé "ìtàn àròsọ lásán ni, kí lẹ ń sunkún fún?" ti tún gbé e dé o. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ń bá Zélie àti Amari, ọmọbìnrin méjì inú ìwé Children of Blood and Bone, bọ̀ láti 2018 mọ ohun tó ń dùn ún: wọn ò jẹ́ ká dágbére fún wọn dáadáa.

Ìbàdàn wà nínú ìtàn Tomi Adeyemi yìí. Ìbàdàn ni Zélie ti pàdánù ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó sá lọ sí Ìlọrin. Ọmọ wa ni! Ìwé kejì jáde ní ìparí 2019, ìkẹta ò dé àfi 2024. Nígbà tó sì dé, ọba òkèèrè kan tó ń jẹ́ Baldyr ló kó ogun wọlé. Ọ̀tá tuntun, ilẹ̀ tuntun, gbogbo wọn ló ń fẹ́ àlàyé, bẹ́ẹ̀ ara ojú ewé onílé la ti ń gé ti àlejò. Ibi tí ìdágbére ti máa ń bàjẹ́ nínú ìtàn alápá mẹ́ta nìyẹn.

Ṣebí a mọ bí wọ́n ṣe ń sin ọmọbìnrin jáde nílé. Ẹ wo ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn. Ẹnu ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: á kúnlẹ̀, á dúpẹ́ ìtọ́jú, á sọ bí ilé ọkọ ṣe ń bà á lẹ́rù, wọ́n á sì wúre fún un. Ó tún di ọ̀dọ̀ ẹbí tó kàn, àwọn ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń sáré kọjá.

Ojú ewé mẹ́wàá péré tó fún irú ìdágbére bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kẹta. Kí wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sí ọjà Èkó níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, tí Zélie wá ta ẹja, tí Amari ọmọ ọba ń sá fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá náà pa Binta, ìránṣẹ́bìnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àkájọ ìwé tó ń jí idán sì wà lọ́wọ́ Amari. Kí Amari dúró níbẹ̀, kó pe orúkọ Binta sókè. Kí Zélie, ọmọ Ọya tó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí àwọn òkú, fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, kó gbọ́.

Àmọ́ Binta alára ò ráyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Bóyá bí ogun ṣe rí nìyẹn, bóyá ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ fún wa gan-an nìyẹn. Mi ò mọ̀. Ọjà Èkó yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.