Ìdọ̀tí nìkan kọ́ o
Àwọn kan kọ ọ́ síbí pé àwa tá à ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà la fa omíyalé l'Ékòó. Ṣé lóòótọ́? Ta ló wá da ìdọ̀tí sí dáàmù Ọ̀yán, ìsédò ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn? Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, lọ́nà Ìkòròdú, òjò lè má rọ̀ rárá kí omi ṣì wọlé, torí odò Ògùn ló ń gbé omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù yẹn bọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá 2010 nìyẹn. Ìyá onílé wa kì í dúró de ìkéde mọ́. Tó bá ti di oṣù kẹjọ, fìríìjì ti gun orí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ sókè pé ká kó kúrò ládùúgbò yìí, ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ máa bá wa san owó ilé ọdún méjì tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ń gbà? Kí ìjọba kó ẹrẹ̀ inú odò Ògùn yẹn ná.