Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń fún ogúnléndé ní ìwé ìgbélùú

Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ nílé kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lápá Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí, ẹ ó gbọ́ ọ: "Kọ̀ǹpútà ló ń yan ẹni tí òyìnbó máa gbà báyìí o. Kí o ṣáà ti mọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ kọ." Ọ̀rọ̀ yìí làwọn kan ń fi gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jápa. Wọ́n á láwọn mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Irọ́ ni.

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Annie MOORE, lórúkọ ọmọbìnrin ará Ireland tó kọ́kọ́ gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà ní 1892. HIAS, àjọ kan tó ń ran ogúnléndé lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2018. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó dénú rẹ̀, ìjọba ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì ti gbà á. Ìlú tó máa gbé ló kù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pín àgùnbánirọ̀: lẹ́tà tó ní kó lọ sí Kánò kọ́ ló fún un lóyè ní yunifásítì. Èdè tí ìdílé náà ń sọ, iye ọmọ wọn, àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú, àyè tó kù nílùú kọ̀ọ̀kan: irú ìwọ̀nyí ló ń wò. Òṣìṣẹ́ sì lè yí ohun tó bá mú wá padà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí? Ní Switzerland, kántónì 26, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ wọn, ni wọ́n ń pín àwọn tó wá sá di wọ́n sí, láìka iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí. Ará Kóńgò tó gbọ́ Faransé lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ń sọ Jámánì, ibo ló ti fẹ́ ríṣẹ́? Àwọn onímọ̀ láti Stanford àti Zurich gbé ìṣirò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2018: lọ́dún kẹta tí wọ́n débẹ̀, nǹkan bí 15 nínú 100 ló níṣẹ́ lọ́wọ́, ká ní irú ẹ̀rọ báyìí ló pín wọn, ì bá tó 26. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n tún ṣírò o, wọn ò kó ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń gbowó yìí á ní kí aláró tó ti ń ṣe àdìrẹ láti kékeré kọ ọ́ síbẹ̀ pé wẹ́dà lòun, torí pé "ẹ̀rọ fẹ́ràn wẹ́dà." Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ò wá wẹ́dà. Ewu tó ń sá fún ni wọ́n máa bi í: ṣé torí ẹ̀yà ni, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè rẹ̀, òṣèlú, tàbí irú àwùjọ tó ti wá, bí àdéhùn Geneva ti 1951 ṣe là á kalẹ̀. Bí irọ́ kan bá yọ níbẹ̀, wọ́n á máa fura sí òótọ́ tó kù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á, wọ́n lè fi sí ìlú tí iṣẹ́ irin pọ̀ sí, kí wọ́n ní kó wá jórin.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń gbowó lé yẹn, kò sí níbì kankan. Ogúnléndé fúnra rẹ̀ kì í kọ nǹkan kan sínú Annie. Òṣìṣẹ́ àjọ ló ń ti inú fáìlì rẹ̀ kó o síbẹ̀.