Sítíkà Switzerland kò ká gbogbo òkè Alps o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, sítíkà Switzerland kan (ẹ̀rí owó ọ̀nà 40 franc tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀) tí ẹ ní ó ti tó fún gbogbo òkè Alps kò tó rárá. Ọ̀nà márosẹ̀ Switzerland nìkan ni 40 franc yẹn wà fún. Tẹ́ ẹ bá wọ Austria, ẹ ó ra tiwọn. Ti ọjọ́ 10 wà. Síbẹ̀, owó ọ̀nà Brenner, tó gba orí òkè láti Austria lọ sí Italy, lọ́tọ̀ ni.

Ẹ tún ní ká kó ọmọ gba Stelvio, ọ̀nà orí òkè ní Italy, nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ọ̀nà wo? Mítà 2,757 ló ga, yìnyín ṣì bò ó nígbà yẹn, wọn kì í tíì ṣí i. Ẹ jẹ́ kó di oṣù keje. Kọ́nà 48 ni láti ìhà Prato, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ẹ mú ọ̀rá dání fáwọn tó máa bì lẹ́yìn ọkọ̀.