Òkun wa kì í gbóná bákan náà yípo ọdún

Bùrọ̀dá, mo gbọ́ ohùn yín tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti Ìwópin dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní òkun ilẹ̀ olóoru kì í yí padà, pé omi tútù táwọn apẹja ń bá pàdé lóṣù Kẹjọ, ọkọ̀ òyìnbó ló dà á síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Ivory Coast àti Gánà, á sì dé Tógò àti Kútọnu. Omi tó ti gbóná tó dígírì 28 á já wálẹ̀ sí abẹ́ 25. Kékeré rẹ̀ tún ń wáyé nígbà ọyẹ́. Létí tiwa níbí, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi tútù ti pàdé èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ààlà á là sójú òkun. Oúnjẹ ẹja á pọ̀ níbẹ̀, ṣáwá á sì máa rọ́ lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ wo ló lè da omi tó máa tutù láti Abidjan dé Kútọnu?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ ní ọdún kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Apẹja tó bá gbà yín gbọ́ á kàn sun epo dànù ni. Lọ́dún 1984, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkun Àtìláńtíìkì níbi agbedeméjì ayé dẹ̀, ìyẹn ni omi tútù ò fi ru sókè dáadáa, òkun sì gbóná lásìkò tó yẹ kó tutù. Ọdún 2021 náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sáwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.